Kí Ẹ Tó Pe Àgùntàn Ní Àgàn

 Ọ̀rọ̀ ẹran ilé ni a ó bá ara wa sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ náà mú ìtìjú díẹ̀ dání, nítorí ọ̀rọ̀ akọ àti abo ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sin ẹran kò lè máa tijú ohun tí ẹran rẹ̀ ń ṣe ní gbangba níwájú ilé.

Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tó ń ta aṣọ tẹ́lẹ̀ kó tó di pé ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Nígbà tí kò lè ná ọjà mọ́, àgùntàn ló fi owó ọwọ́ rẹ̀ rà, abo mẹ́rin àti àgbò kan. Ìrètí rẹ̀ ni pé tó bá di ọdún méjì, òun yóò ní ẹran tí òun yóò máa tà nígbà Iléyá, tí òun kò ní máa wo ojú ọmọ kí òun tó jẹun. Ọdún kan kọjá, kò sí ọmọ kan ṣoṣo. Ọdún kejì ń lọ sópin, kò sí. Àgbò ń gùn wọ́n, gbogbo ilé ń rí i, ṣùgbọ́n ikùn àgùntàn kò yọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dà báyìí, ẹnu ayé kì í dákẹ́. Àwọn kan ní àgàn ni àwọn àgùntàn náà, pé ẹni tó tà wọ́n ló rẹ́ ìyá náà jẹ. Àwọn kan wo ọ̀nà yàrá orogún rẹ̀, wọ́n mi orí. Ìyá náà fúnra rẹ̀ kò dáhùn ìkíni orogún rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Níkẹyìn ó fi ìbínú ta méjì nínú àwọn àgùntàn náà ní iye tí kò tó ìdajì ohun tó fi rà wọ́n. Alápatà ra ọ̀kan, obìnrin kan ní òpópónà kejì ra èkejì. Èyí tí alápatà rà ti di ọbẹ̀. Èyí tó lọ sí òpópónà kejì bí ìbejì kí oṣù mẹ́fà tó pé.

Ìgbà náà ni ìyá yìí wá bá mi. Kò tilẹ̀ jókòó.

"Àlàájì, ẹ gbà mí. Àgùntàn tí kò bí lọ́dọ̀ mi, ó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ó bí méjì. Ṣé orí mi ni, àbí ọwọ́ ayé?"

Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, ìyá mi. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ wo àgbò yín."

"Àgbò kẹ̀? Kò sí ohun tó ṣe àgbò mi. Ẹ ò rí bó ṣe sanra tó ni?"

Ohun tí gbogbo wa máa ń sọ nìyẹn. Bí ẹran kò bá bí, abo ni a ń wò. Bí akọ bá sanra, tó ń kàn, tó ń gùn, a ti dá a láre. (Ọ̀rọ̀ àgùntàn ni mo ń sọ o. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn nínú rẹ̀, ọwọ́ mi kọ́.) Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àgbò lè gùn dáadáa kí àtọ̀ rẹ̀ má sì lè fún abo lóyún. Ọ̀ràn bí ó ṣe ń fẹ́ abo yàtọ̀ sí ọ̀ràn ohun tó ń gbìn sínú rẹ̀.

A dé ilé ẹran náà ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Àwọn abo méjì tó kù ń jẹ̀ kiri lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń já ewé tútù. Àgbò nìkan ni wọ́n dè mọ́lẹ̀, nítorí ó máa ń kan àwọn ọmọ. Páànù ni òrùlé rẹ̀, páànù ni ògiri rẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan páànù náà, mo yára gbé ọwọ́ kúrò. Abọ́ omi ti gbẹ. Oúnjẹ tó wà níwájú rẹ̀ ni èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ àti èérí àgbàdo tó ti pẹ́ débi pé ó ti dì, ó sì ní òórùn bí epo tó kan. Mo béèrè bóyá ó ṣàìsàn rí. Ìyá náà ní bẹ́ẹ̀ ni, pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ wú nígbà ọyẹ́, ara rẹ̀ gbóná fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n ó ti sàn tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi béèrè gbogbo èyí.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé mímì ni ẹpọ̀n àgbò ń mì, kò lè já. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ ti bi ara yín rí pé kí ló dé tí Ọlọ́hun fi gbé ohun iyebíye bẹ́ẹ̀ kọ́ síta, tí kò fi í pamọ́ sínú bí ó ti fi ọkàn àti ẹ̀dọ̀ pamọ́? Nítorí ooru ni. Ooru inú ara àgùntàn tó ìwọ̀n 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ibi tí àtọ̀ ti ń dàgbà sì gbọ́dọ̀ tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìwọ̀n mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí ooru bá mú, ẹ ó rí i pé ẹpọ̀n àgbò á gùn, á jìnnà sí ikùn. Bí òtútù bá mú, á súnkì. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ibẹ̀ sì lọ́ mọ́ èyí tó ń jáde, kí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná lè tutù kó tó wọlé.

Ní ọdún 1924, Carl Moore àti Robert Oslund ní Amẹ́ríkà dán ọ̀rọ̀ yìí wò lára àgbò. Wọ́n wé ẹpọ̀n àwọn àgbò náà kí atẹ́gùn má baà fẹ́ sí i. Wọn kò fún wọn ní májèlé, wọn kò fi ọ̀bẹ kan ibẹ̀. Wọ́n kàn fi nǹkan bò ó kó móoru ni. Síbẹ̀ ibi tí àtọ̀ ti ń hù bàjẹ́. Àgbò ìyá yìí kò wọ aṣọ, ṣùgbọ́n ilé páànù tí wọ́n tì í mọ́ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún un lójoojúmọ́, láti aago mọ́kànlá títí di ìrọ̀lẹ́, ní gbogbo oṣù ẹ̀ẹ̀rùn. Ibà tó sì ṣe é nígbà ọyẹ́ tún ti inú bu ooru kún un.

Kí ni ooru náà ń ṣe gan-an? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn, ẹ fara balẹ̀.

Gbogbo wa mọ̀ pé atẹ́gùn tí a ń mí sínú ló mú wa wà láàyè. Ohun tó wà nínú rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ náà ni wọ́n ń pè ní ọ́síjìn. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn yìí kan náà ló ń mú kí ọ̀bẹ tí a gbàgbé síta dógùn-ún, òun ló sì ń mú kí epo tí a kò bo ìdérí rẹ̀ kan, kí òórùn rẹ̀ yí padà. Nínú ara ẹran àti ti ènìyàn, bí a ti ń lo ọ́síjìn láti fi sun oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀tapàrà rẹ̀ ń ta jáde, bí ẹ̀tapàrà iná igi. Díẹ̀ nínú rẹ̀ wúlò. Àtọ̀ pàápàá nílò díẹ̀ kó tó lè wọ inú ẹyin abo. Bí ó bá pọ̀ jù ni ó di ìjàm̀bá. Ara sì ní àwọn ohun tí ń pa ẹ̀tapàrà náà. Nígbà tí ooru bá mú, tàbí tí ibà bá dé, ẹ̀tapàrà á pọ̀, àwọn apaná kò ní kápá rẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ìnira ọ́síjìn. Kí àwa máa pè é ní ìdógùn-ún inú ara.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé àtọ̀ ló tètè ń fara gbá a? Àwọn ẹ̀dá wínníwínní inú àtọ̀, tí ojú lásán kò lè rí, ọ̀rá ló pọ̀ nínú awọ tó bò wọ́n. Ọ̀rá náà jẹ́ irú èyí tó máa ń ṣàn bí òróró, tí kì í dì. Ó dára fún wọn, nítorí òun ló jẹ́ kí ìrù wọn lè máa jù fìrìfìrì láti lúwẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń dáná mọ̀ pé irú òróró bẹ́ẹ̀ ló máa ń tètè kan. Èkejì ni pé kí àtọ̀ tó pé, ó ti ju ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ nù, kó lè fúyẹ́, kó lè sáré. Ó dà bí arìnrìn-àjò tó sọ gbogbo ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ kó lè yára: kò mú omi, kò mú agboòrùn, kò mú abẹ́rẹ́ tí yóò fi rán aṣọ rẹ̀ bí ó bá ya. Bí ìdógùn-ún bá bá a lójú ọ̀nà, kò lè tún ara rẹ̀ ṣe. Ìrù á dẹ́kun jíjù. Èyí tó bá sì tún débẹ̀ pẹ̀lú ara yíya, oyún tó mú wá lè má dúró. Á ti wálẹ̀ kí olówó ẹran tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1943, John MacLeod ní New York kíyè sí i pé àtọ̀ ènìyàn tètè máa ń kú bí a bá da ọ́síjìn púpọ̀ bò ó. Ní ọdún 1946, Tosic àti Walton ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé inú àtọ̀ akọ màlúù fúnra rẹ̀ ni májèlé kan ti ń jáde. Májèlé náà ni haidirójìn pẹrọ́ksáìdì, omi kan náà tí ń hó fùkẹ̀fùkẹ̀ bí wọ́n bá dà á sí ojú egbò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé àwọn tó ti kú nínú àtọ̀ ló ń tú u sí àwọn alààyè lára. Bí òkú bá ti pọ̀ nínú rẹ̀, ìyókù kò ní pẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń tọ́jú àtọ̀ màlúù sínú yìnyín fún ìlò ọjọ́ iwájú fi máa ń fi oríṣiríṣi nǹkan dáàbò bò ó. Pupa ẹyin adìẹ wà lára wọn.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbọ́ èyí. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ ṣí ojú wa sí oúnjẹ tí ń lé ìdógùn-ún yìí jẹ́ obìnrin, Katharine Bishop ni orúkọ rẹ̀. Òun àti Herbert Evans ní Yunifásítì California ń fi oúnjẹ kan bọ́ eku. Èròjà tí wọ́n pò pọ̀ ni, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ (ẹ dákun, eku ló jẹ ẹ́, kì í ṣe àwa). Àwọn eku náà dàgbà, ara wọn ń dán, ṣùgbọ́n wọn kò bímọ. Oyún á dé, á sì yọ́ dànù sínú. Ìgbà tí wọ́n fún wọn ní ewé tútù ni wọ́n tó bí. Ọdún 1922 ni wọ́n kéde rẹ̀. Ohun tó wà nínú ewé náà ni a ń pè ní fítámì E lónìí, orúkọ kejì tí wọ́n sì fún un wá láti inú èdè Gíríìkì tó túmọ̀ sí ọmọ bíbí. Lẹ́yìn náà wọ́n rí i pé akọ eku tí kò bá rí fítámì yìí jẹ fún ìgbà pípẹ́, ẹpọ̀n rẹ̀ á rọ, á sì ṣòro láti padà bọ̀ sípò. Iṣẹ́ fítámì náà kò ju pé ó ń dúró sáàárín ọ̀rá ara, ó ń gba ẹ̀tapàrà sí àyà kí ọ̀rá má baà kan.

Ẹ wá wo abọ́ àgbò tí a bá nílẹ̀. Ewé tútù ni fítámì E pọ̀ sí. Bí a bá sá ewé sóòrùn títí ó fi gbẹ kúṣẹ́kúṣẹ́, púpọ̀ rẹ̀ á ti lọ. Èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ kò ní in tó. Èérí àgbàdo tó ti kan kò sì kàn ṣaláìní nìkan. Ọ̀rá inú rẹ̀ ti dógùn-ún kó tó wọ ẹnu ẹran. Àwọn abo tí ń jẹ̀ kiri ń rí ewé já, ń rí ibòji sinmi. Ẹni tí à ń pè ní olórí agbo ló jókòó sínú iná, tó ń jẹ ìyàngbẹ.

Ohun mìíràn tún wà fún àwọn tí ń sin àgbò Iléyá. Èérún hóró òwú tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ dára fún mímú ẹran sanra, ṣùgbọ́n májèlé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ gossypol wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń ba àtọ̀ jẹ́. Ní Florida, ní ọdún 1998, àwọn olùwádìí fi oúnjẹ tó ní gossypol bọ́ akọ màlúù, àtọ̀ wọn bàjẹ́. Àwọn tí wọ́n fi fítámì E púpọ̀ kún oúnjẹ tiwọn kò rí ìjàm̀bá náà bẹ́ẹ̀. Bí àgbò bá jẹ́ ti Iléyá nìkan, kí ó jẹ ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó fún yín ní ọmọ, ẹ má fi ṣe oúnjẹ rẹ̀ ojoojúmọ́.

Mo sọ fún ìyá náà pé kí wọ́n gbé àgbò kúrò nínú páànù lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n fi igi ṣe ọgbà fún un lábẹ́ máńgòrò, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó lórí, ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Omi tútù láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ewé agúnmaníyè, koríko tútù, àti ewé ọ̀dùnkún láti ẹ̀yìnkùlé. Dókítà ẹran wá yẹ ẹsẹ̀ àti ẹpọ̀n rẹ̀ wò: méjèèjì dọ́gba, kò sí egbò, kò sí kókó, ṣùgbọ́n wọ́n rọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ó fún un ní abẹ́rẹ́ fítámì E àti sẹlẹ́níọ̀m. Ẹ má ra abẹ́rẹ́ yìí gún fúnra yín o; sẹlẹ́níọ̀m tó bá pọ̀ jù, májèlé ni.

Ìyá náà béèrè pé ṣé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Mo ní rárá, oṣù méjì ni. Àtọ̀ àgbò máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 49 kó tó hù tán, á tún lo bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó pọ́n tán tó lè jáde. Èyí tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́. Èyí tuntun ni a ń dúró dè. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi í ronú kan ibà àgbò. Ibà ti lọ, wọ́n ti gbàgbé rẹ̀, ìpalára rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni.

Bí ẹ kò bá mọ ẹni tí ẹ̀bi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ṣe báyìí. Ẹ pò osùn mọ́ epo díẹ̀, ẹ fi kun àyà àgbò. Abo tó bá gùn, osùn á hàn ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ẹ nu osùn kúrò, ẹ sì fi àwọ̀ mìíràn kùn ún. Àgùntàn tí kò bá lóyún á tún fẹ́ akọ lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 17. Bí ọ̀kan nínú wọn bá padà wá gba kíkùn kejì, ó lè jẹ́ pé òun ló ní ìṣòro. Bí gbogbo wọn bá padà wá, ẹ kọ́kọ́ wo akọ. Ìyá yìí tilẹ̀ ti rí ẹ̀rí tó ju èyí lọ láìmọ̀: àgùntàn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àgbò mìíràn, ó bí ìbejì.

Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè yá àgbò aládùúgbò ní àkókò tí tirẹ̀ ń sinmi. Bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sí owó níbẹ̀. Hàdíìsì wà nínú àkójọ Bukhari pé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ̀ fún wa láti gba owó gígùn akọ ẹran. Púpọ̀ nínú àwọn àáfà sọ pé ẹ̀bùn tí a kò bá ṣe àdéhùn rẹ̀ kò sí nínú èyí. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, àgbò tó bá ṣáà wà ní tòsí ni a máa ń gbà, a kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó dára jù nínú agbo sì ni a máa ń tà ní Iléyá lọ́dọọdún, tí a ó fi èyí tó rù sílẹ̀ láti máa ṣe bàbá ọmọ. Ẹ máa yọ ọ̀kan tó dára sílẹ̀.

Oṣù kejì pé, òjò ti bẹ̀rẹ̀, ìyá náà kun osùn. Ó gbà á ní ọmọ ilé-ìwé kan ló ń bá a kọ ọjọ́ sára ògiri. Àwọn abo méjèèjì gba osùn lẹ́ẹ̀kan, wọn kò padà wá. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù márùn-ún, ọ̀kan bí ọ̀kan, èkejì bí méjì. Orogún rẹ̀ ló gbẹ̀bí èyí tó bí lóru, nítorí ẹsẹ̀ ìyá náà kò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀.

Ó ti ránṣẹ́ sí obìnrin òpópónà kejì pé òun fẹ́ ra àgùntàn òun padà. Obìnrin náà ní kí wọ́n bá òun kí i púpọ̀, òun kò tà.